Níbo Ni Ará Ìgàndó Yóò Ti Lo Ìsinmi Àṣà? Àgbéyẹ̀wò Èrò Tó Wà Nílẹ̀

Bí ilé-ìwé bá ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ìparí oṣù Keje, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọ ilé púpọ̀ ní Ìgàndó, Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún: níbo la ó kó àwọn ọmọ lọ? Ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ kí ìsinmi náà parí sídìí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ sinmi, wọ́n sì fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí à ń pè ní àṣà, pàápàá ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá tó sì ń fi gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ibi tẹ́nu kò ti kò ni ibi tó yẹ ká lọ, ìgbà tó yẹ ká lọ, àti ohun tó yẹ ká ṣe tá a bá débẹ̀.

Ní Alímọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà tún le díẹ̀ sí i. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ yìí, kò sì sí ìlú Yorùbá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nínú wọn. Ẹ̀gbá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú ń bá Ẹ̀gùn pín ògiri, àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ sì wà láàárín gbogbo wọn. Bí a bá ní ká lọ wo àṣà, àṣà ta ni?

Àwọn ará òkèèrè náà ti dojú kọ irú ìbéèrè yìí. Ní Ukraine, kí ogun Rọ́ṣíà tó gbilẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022, ẹni tó fẹ́ mọ ilé àtijọ́ máa ń lọ sí Pyrohiv lẹ́bàá Kyiv, níbi tí wọ́n kó ilé abúlé, ṣọ́ọ̀ṣì onígi àti ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí jọ láti ẹkùn gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà á gba Kolomyia lọ, níbi tí wọ́n kọ́ ilé kan tó rí bí ẹyin fún àwọn ẹyin tí wọ́n ń ya ọnà sí lára fún Ọdún Àjíǹde. Ẹni tí oúnjẹ wù á máa tẹ̀ lé ọbẹ̀ borscht kiri. UNESCO kọ àṣà sísè ọbẹ̀ náà sínú ìwé ní 2022. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó kàwé níbẹ̀ mọ àwọn ìlú náà dáadáa. Ogun ti ti ojú òfurufú wọn pa fún ọkọ̀ èrò, kò sì sẹ́ni tó lè gba ẹbí nímọ̀ràn láti forí lé ibẹ̀ báyìí. Ìlànà wọn ṣì wúlò fún wa, ìyẹn ni pé kí a mú kókó kan ṣoṣo, ká sì to gbogbo ìrìn-àjò yí i ká. Kókó náà kò wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Èwo ni kó ṣíwájú ni àríyànjiyàn wà lé lórí.

Àwọn tó ní ọjọ́ ọdún ni ká bá lọ

Èrò tó lókìkí jù nìyí, àwíjàre wọn sì lágbára. Lọ́jọ́ ọdún, ìlù, aṣọ, oúnjẹ, oríkì àti ọba máa ń pàdé lójú kan. Àlejò kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó tó rí bí ìlú ṣe ń ṣe ohun tirẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ń ṣe é nítorí àlejò. Bí àlejò kò bá wá, ọdún á wáyé.

Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ló bá ìsinmi ilé-ìwé mu jù. Inú oṣù Kẹjọ ló máa ń bọ́ sí, ó sì máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń ṣí i, wọn á tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún lálẹ́ ọjọ́ kan, ayẹyẹ á sì máa gorí ayẹyẹ títí di ọjọ́ Arugbá. Lọ́jọ́ náà, wúńdíá kan á ru igbá ẹbọ ìlú láti ààfin Àtáọ́ja dé ojúbọ lẹ́bàá odò, aṣọ á bo igbá àti orí rẹ̀, àwọn tó yí i ká á sì máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má fi kọ. Bó bá ti ń kọjá, àwọn èrò á máa fi ọwọ́ yí orí ara wọn ká, wọn á sì máa na ọwọ́ náà sí i pẹ̀lú àdúrà kí ibi wọn bá a lọ. Ọmọ tó bá rí èyí nítòsí á ní ìbéèrè tí kò ní tán fún oṣù púpọ̀. Igbó náà tó hẹ́kítà 75. UNESCO kà á mọ́ àjogúnbá àgbáyé ní 2005, lẹ́yìn ìjàkadì ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí Susanne Wenger, ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo jà kí wọ́n má baà gé igi ibẹ̀ tán. Oṣù Kẹjọ yìí kan náà ni ọdún Ṣàngó ń wáyé ní Ọ̀yọ́, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ní 2023. Ìjọba Èkó àti ti àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá sì ti sọ ogúnjọ́ oṣù náà, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, di ọjọ́ ìsinmi.

Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ọdún tí ojú àwọn ọ̀dọ́ wà lára rẹ̀ jù lásìkò yìí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Àwọn mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti fi lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, àmọ́ lónìí, regbérégbé tọkùnrin tobìnrin ń tò wọlé nínú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin ń fi ẹṣin dárà, ìbọn sì ń dún. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ayẹyẹ náà gbòòrò tó báyìí lójú ayé rẹ̀, wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025 lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Ìṣòro ẹni tó ní ọmọ níléèwé ni pé òṣùpá ló ń darí ọjọ́ náà. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kan náà. Lọ́dọọdún ló ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá padà sẹ́yìn, yóò sì máa bọ́ sáàárín sáà ẹ̀kọ́ fún ọdún bíi mélòó kan sí i.

Ọlọ́jọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí Ọ̀ọ̀ni ń dé Adé Arè tó sì ń lọ sí Òkè Mògún, máa ń tó wáyé lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti wọlé. Èyọ̀ Èkó kì í tilẹ̀ wáyé lọ́dọọdún, ó sì ní èèwọ̀ fún òǹwòran pàápàá: kò sí bàtà, kò sí sìgá, obìnrin kò gbọdọ̀ di ṣùkú.

Níbi tí ọwọ́ àwọn tó fara mọ́ ọdún kò ti mọ́ nìyí. Èrò pọ̀ débi pé ẹ̀yìn àwọn àgbà ni ọmọ ọdún mẹ́fà á máa wò láti òwúrọ̀ dálẹ́. Owó yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì á ti fò sókè. Pátákó ìpolówó àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ti ń bo ojú agbo ní àwọn ọdún tó lókìkí jù. Ní Òṣogbo, òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwakùsà wúrà ní òkè odò ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti kìlọ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n má mu ún. Ọ̀pọ̀ ló ṣì ń bù ú mu nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ẹni tó bá mú ọmọ lọ ní láti ti pinnu kó tó kúrò nílé.

Àwọn tó ní ibi àjogúnbá ni ká kọ́kọ́ rí

Èrò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ àti àwọn tó máa ń kó ọmọléèwé jáde. Wọ́n ní ọjọ́ ọdún máa ń kọjá, ṣùgbọ́n Òkè Olúmọ kò ní ọjọ́. Ẹ lè lọ ní ọjọ́rú tí kò sí èrò, ẹ lè dúró níwájú ohun kan fún wákàtí kan bó bá wù yín.

Fún ará Ìgàndó, Àgbádárìgì ló yá jù. Ẹ gba ọ̀nà LASU dé Ìyànà Ìbà, ẹ yà sí ọ̀nà màrosẹ̀ Àgbádárìgì, kò sí ìdí láti dé Òṣòdì rárá. Nínú ìlú kékeré yẹn, ọmọ á rí ilé alájà kan tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845, tí wọ́n ń kà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Á rí ibi tí igi Àgíà wà, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842. Á rí ọjà ẹrú Vlekete àti agbo ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass, ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀ tóun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Èmi kò mọ ibòmíràn tó sún mọ́ wa tí ìrìn ẹsẹ̀ lásán ti ń kọ́ni tó bẹ́ẹ̀. Ìlú Ẹ̀gùn sì ni, èyí tó máa jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ni ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹni tó bá lè sùn síta á gba Ilé-Ifẹ̀ lọ. Àwọn orí idẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ kan wú jáde nílẹ̀ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ló sọ Ifẹ̀ di ohun tí àwọn onímọ̀ gbogbo àgbáyé ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilé-ìṣọ́ ìṣẹ̀ǹbáyé wà nítòsí ààfin, Ọ̀pá Ọ̀ránmíyàn kò sì jìnnà. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le á gun òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, wọ́n á sì rí ìlú àtijọ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ omi á lọ sí Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìkógòsí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé.

Kùdìẹ̀-kudiẹ èrò yìí ni pé ohun tó wà nínú gíláàsì kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ dọwọ́ ẹni tó ń mú àlejò rìn. Ìtàn tí amọ̀nà kan sọ lówùúrọ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tí ẹlòmíràn sọ lọ́sàn-án, pàápàá tó bá di iye: iye ẹrú, iye ọdún, iye ìbọn tí wọ́n fi ra ènìyàn kan. Òbí tó bá ti kàwé díẹ̀ nípa ibẹ̀ ṣáájú á lè tún un ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́, kì í ṣe ìsinmi fún gbogbo èèyàn.

Àwọn tó ní ìlú baba ẹni ti tó

Èrò yìí kò ní ariwo, ṣùgbọ́n ó pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Kí ni a ń wá lọ sí ìlú onílùú nígbà tí ọmọ kò mọ ojú oórì bàbá bàbá rẹ̀? Nílé, ọmọ á sùn ní agbo ilé, ìyá àgbà á fi oríkì jí i, á bá wọn lọ sóko, á gbọ́ ẹ̀ka èdè tí bàbá rẹ̀ ń sọ nígbà tí inú bá ń bí i. Ìnáwó rẹ̀ kéré, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì jinlẹ̀.

Àmọ́ kò bá gbogbo ilé mu. Àwọn ìdílé wà ní Ìgàndó tí bàbá jẹ́ ará Òkè-Ògùn tí ìyá sì wá láti Èkìtì. Ìlú wo ni? Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ilé tó wà nílùú ti wó, tí àwọn àgbà ti kú tán, tàbí tí ọ̀rọ̀ ogún kò jẹ́ kí wọ́n lè wọlé ní ìrọ̀rùn. Kò sì sí ìsinmi fún ìyàwó ilé tó dé ilé ọkọ nílùú: òun ni yóò se oúnjẹ fún gbogbo agbo ilé. Àwọn tó ń gbé èrò yìí lárugẹ kì í sábà mẹ́nu ba ìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n mẹ́nu bà á.

Àwọn tó ní ọwọ́ ni àṣà fi ń wọ ara

Ibí ni ọkàn èmi fà sí jù, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó ní èrò yìí ní wíwò kò tó. Kí ọmọ jókòó ti ẹni tó mọ iṣẹ́, kó fi ọwọ́ kàn án. Kí kókó ìsinmi jẹ́ iṣẹ́ kan: aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, ìlù dùndún ní Ọ̀yọ́, ìkòkò mímọ ní Ìlọrin, àdìrẹ ní Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ ká wo àdìrẹ dáadáa, nítorí òun ló sún mọ́ Alímọ̀ṣọ́ jù, ọkọ̀ ojú irin sì lè gbé yín débẹ̀. Ọ̀nà ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 jẹ́ kìlómítà 157, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Agége. Láti Ìgàndó, ẹ gba Ẹgbẹ́dá dé Ìyànà Ìpájà, ẹ bọ́ sí Agége. Ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Láderin ni ẹ ó ti sọ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ ó sì wọ takisí dé Ìtòkú. Fún ọmọ Alímọ̀ṣọ́ tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ nìkan ló mọ̀, ọkọ̀ ojú irin yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ìgbádùn ìsinmi.

Ọ̀nà mélòó kan ni wọ́n ń gbà ṣe àdìrẹ. Nínú àdìrẹ oníko, ìko tàbí òwú ni wọ́n fi ń di aṣọ kí aró má lè wọ ibi tí wọ́n dì. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ tí wọ́n rò láti ara gbágùúdá ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ, tàbí kí wọ́n fi páànù tí wọ́n gé ìlà sí lára tẹ̀ ẹ́. Wọn á sá a kó gbẹ, wọn á rì í sínú ìkòkò aró tí wọ́n fi ewé èlú àti omi eérú pò. Ohun tó máa ń ya ọmọ lẹ́nu jù ni ìgbà tí wọ́n fa aṣọ náà yọ: àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, á sì máa yí padà di búlúù lójú rẹ̀ bí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Wọn á tún rì í, wọn á tún fà á yọ, títí yóò fi dú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ ẹ̀kọ kúrò, ọnà á sì jáde ní funfun. Kò sí amọ̀nà tó lè fi ẹnu ṣàlàyé ìyẹn kó dà bí ẹni pé ọmọ rí i.

Síbẹ̀ ó ní àléébù tirẹ̀, ó sì tóbi. Ọ̀pọ̀ àdìrẹ tó wà ní Ìtòkú lónìí jẹ́ ti àbẹ́là àti aró òyìnbó, tí sóódà tó ń jó ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Kí òbí má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan ìkòkò náà láìwọ ìbọ̀wọ́. Ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ti wọ ọjà, àwọn aláró sì ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́. Àlejò tí kò mọ̀ lè fi owó ìsinmi rẹ̀ ra ohun tí kò sí ọwọ́ Ẹ̀gbá kankan nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọmọ òun fún ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ ti bá wọn dúnàá-dúrà ṣáájú, kó sì san owó ìdádúró iṣẹ́ wọn. Ìsinmi oníṣẹ́ ọwọ́ kò ṣe é ṣe ní òjijì.

Àwọn tó ní ká kọjá Sẹ̀mẹ̀

Èrò karùn-ún sọ pé àṣà Yorùbá kò parí sí ẹnubodè tí òyìnbó fà. Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Porto-Novo, ń sọ Yorùbá mọ́ Gùn. Kétu ní ọba tirẹ̀, Alákétu, àti ẹnubodè ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdénà. Sábẹ̀ àti Ìdáìṣà wà lókè lọ́hùn-ún. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá ní 2008 jẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò papọ̀. Ní Wídà, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti sọ ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní di ọjọ́ ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n sì sọ ọ́ di àjọ̀dún ńlá tí wọ́n ń pè ní Vodun Days ní 2024. Ní Àbọ́mì, àwọn ààfin ọba Dàhómì wà nínú ìwé UNESCO láti 1985. Ohun ìṣúra 26 tí ọmọ ogun Faransé kó lọ nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun ibẹ̀ sì padà sílé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021.

Nínú òfin, kò ṣòro. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gba ọmọ Nàìjíríà láyè ọjọ́ 90 láìgba físà. Ìwé ìrìnnà, káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti owó sẹ́fà ni ẹ nílò. Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ibùdó àyẹ̀wò láàárín Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀ pọ̀, wákàtí ìdúró sì lè ju wákàtí ìrìn lọ. Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, kò sì ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà títí di oṣù Kejìlá ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣètò ìrìn-àjò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ètò kejì. Àwọn alátakò tún béèrè pé, nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní Ìmẹ̀kọ àti lágbègbè Yewa ní Ògùn níbí, kí ló dé tí a ó fi gba ẹnubodè kọjá? Ìdáhùn tí mo rí i pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fi owó sí i lọ́nà tí ìjọba tiwa kò tíì fi sí i. Ọ̀nà mọ́, àmì wà, ìgbà tí nǹkan máa wáyé sì máa ń di mímọ̀ ṣáájú.

Àwọn tó ní Èkó fúnra rẹ̀ tó

Àwọn wọ̀nyí kò ní pẹ́ lẹ́nu wa. Wọ́n ní Oníkàn nìkan tó ọjọ́ kan gbáko: John Randle Centre tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, tí ìjọba ṣí ní 2023, dojú kọ ilé-ìṣọ́ ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀ láti 1957, Freedom Park tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ilé ìtàgé ńlá tí wọ́n kọ́ fún FESTAC 1977 ní Ìgànmú ti ń jẹ́ orúkọ Wole Soyinka báyìí. Alẹ́ ni ẹ ó padà sùn lórí ibùsùn yín.

Ẹ̀ka kan nínú wọn tilẹ̀ ní kí ẹ má kúrò ní Alímọ̀ṣọ́. Ìṣẹ̀rí Olófin, níbi tí ìtàn Ògúnfúnmirè àti ìdásílẹ̀ àwọn Àwórì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa níhìn-ín. Ọmọ tó ń gbé Ìgàndó tí kò gbọ́ ìtàn Àwórì rí pọ̀ ju èyí tó gbọ́ lọ. Òótọ́ ni. Àléébù ibẹ̀ ni pé kò sí ilé kan tí wọ́n ṣí fún àlejò, kò sí ẹni tí ìjọba yàn láti ṣàlàyé, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ń ṣe Orò, obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú ilé. Ìdajì ẹbí ni ìyẹn yọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá

Kò sí bí a ṣe lè yẹ èyí sílẹ̀. Onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Alímọ̀ṣọ́. Ìkòtún tilẹ̀ ti rí ọ̀pọ̀ àlejò láti òkèèrè ní tirẹ̀ nígbà tí ìjọ Synagogue ń fa àwọn olùjọsìn wá láti gbogbo Áfíríkà, nítorí náà ará àdúgbò mọ bí ẹ̀sìn ṣe ń gbé èèyàn rìnrìn-àjò. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé lílọ sí ọdún òrìṣà, ìjọsìn ni, wọn kò sì ní kó ọmọ wọn lọ. Àwọn mìíràn ní wíwò kì í ṣe bíbọ, àti pé ẹni tí kò mọ Ọ̀ṣun kò lè mọ ìtàn Òṣogbo. Àwọn olórìṣà náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn: wọ́n ń ṣe ẹ̀sìn wọn, àwọn èèyàn sì ń fi kámẹ́rà dúró lé wọn lórí bí ẹni pé eré ni.

Mo gbà pé ìhà mẹ́ta yìí ló ní ẹ̀tọ́ sí èrò wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á kò ní láti fipá lọ. Àgbádárìgì, àdìrẹ àti Ojúde Ọba wà fún un. Ẹni tó bá lọ, kó mọ̀ pé ilé ìjọsìn ẹlòmíràn lòun wọ̀, kó béèrè kó tó ya fọ́tò, kó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Bí mo bá ní láti yan fún ẹbí tó ní ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́tàlá, tí wọ́n sì ní ọjọ́ mẹ́ta péré, Abẹ́òkúta ni mo máa yàn, pẹ̀lú àdìrẹ bíi kókó àti Òkè Olúmọ bíi àlékún. Fún ẹbí tó ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ tí ẹ̀sìn kò sì dí wọn lọ́wọ́, Òṣogbo. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, Àgbádárìgì ní ọjọ́ kan. Ìmọ̀ràn mi nìyẹn. Kò yanjú àwọn ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù.

Àkọ́kọ́, ta ni owó ìsinmi àṣà ń bọ́ sí lọ́wọ́? Aláró àdìrẹ, amọ̀nà, ìdílé Arugbá, tàbí onílé ìtura àti ilé-iṣẹ́ tó gbé pátákó kọ́? Títí di báyìí, kò sí ìlú Yorùbá kan tí ìdáhùn rẹ̀ hàn kedere sí àlejò. Ìkejì, bí èrò bá ń pọ̀ sí i ní ọdún kọ̀ọ̀kan, nígbà wo ni ọdún yóò yí padà nítorí àwọn tó wá wò ó? Àwọn kan ní ó ti yí padà tán ní Ìjẹ̀bú. Àwọn kan ní bí Ojúde Ọba ṣe ń gbòòrò ló mú kí àwọn ọ̀dọ́ padà sínú regbérégbé. Ẹ̀rí wà fún ìhà méjèèjì. Ìkẹta, ọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun: bí ìwakùsà bá ń bá a lọ, ṣé igbó tí wọ́n dáàbò bo igi inú rẹ̀ yóò ṣì ní odò tó yẹ kí ọmọ fẹsẹ̀ wọ̀? Ìkẹrin sì jẹ́ ti àwa ará Alímọ̀ṣọ́ gan-an: ta ni yóò ṣí ìtàn Àwórì sílẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí àti Ìgàndó fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ààfin ni, ìjọba ìbílẹ̀ ni, àbí àwọn ilé-ìwé?